Ìpalẹ̀mọ́ ilé fún títà ní àgbègbè Ìbàdàn

Ìpalẹ̀mọ́ ilé fún títà ni gbogbo iṣẹ́ tí onílé ń ṣe kí ilé rẹ̀ tó bọ́ sójú ọjà, kí ó lè wu olùrà, kí olùrà sì lè sanwó láìfòyà. Ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ìpalẹ̀mọ́ yìí pín sí ọ̀nà méjì: ti ẹbí àti ìwé, àti ti ilé fúnra rẹ̀. Ti ẹbí àti ìwé ló yẹ kó ṣáájú, nítorí ọ̀dà kò lè bo àríyànjiyàn mọ́lẹ̀.

Ẹbí àti ìwé

Ilẹ̀ ẹbí pọ̀ ní àgbègbè yìí. Lábẹ́ òfin, bí ọmọ ẹbí kan bá ta ohun ìní ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹbí, wọ́n lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Olùrà lè pàdánù owó àti ilé pa pọ̀. Ìdí nìyí tí àkọlé «Ilé yìí kì í ṣe títà» fi wọ́pọ̀ lára ògiri: onílé ń kìlọ̀ nípa oníjìbìtì tàbí ìbátan tó lè tà á lẹ́yìn òun. Ẹni tó fẹ́ tà nítòótọ́ ní láti pa àkọlé náà rẹ́, kí ó sì pe ẹbí jọ.

Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà ní orúkọ àwọn ará ìlú. Ilé tó bá ní ìwé C of O gbọ́dọ̀ gba ìfọwọ́sí gómìnà kí títà rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Onílé tún máa ń kó rìsíìtì, ìwé àdéhùn àti àwòrán ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ yà jọ. Àwòrán yìí ni olùrà fi ń wádìí bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Yorùbá a máa sin àgbà sínú ilé tàbí àyíká rẹ̀. Bí ibojì bá wà níbẹ̀, ó yẹ kí olùrà gbọ́ kí ó tó sanwó.

Títún ilé ṣe

Onílé máa ń ṣán igbó kí òkúta ààlà lè hàn, ó máa ń pààrọ̀ páànù tó ń jò, ó máa ń pa ikán, ó sì máa ń gbọ́n kànga. Yàrá tí wọ́n ń kó irè oko sí ni wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọ̀dà ló kẹ́yìn: bí a bá kùn ún lé ògiri tí omi ń fà, àbàwọ́n náà yóò tún yọ nígbà òjò.

Fífi ilé han olùrà

Alágbàtà ló sábà máa ń mú olùrà wá. Omi, iná, ọ̀nà mọ́tò àti ibùdókọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń bèèrè. Ní Akínyẹlé, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Olùrà tó gbọ́n máa ń padà wá nígbà òjò, ó sì máa ń bi àwọn aládùúgbò léèrè ẹni tó ni ilé.