Ẹni Tó Dákẹ́ Nínú Iṣẹ́ Orí Fóònù

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ ní Djègan-Kpèvi níbí, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Adjarra, ní Ifangni, ní Sakété títí dé Pobè, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti wà lọ́jà Ouando láti ìdájí, ẹ kú ọjà, ẹ ó tà á jèrè. Ẹ sún mọ́ rédíò díẹ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ tòní kan gbogbo wa.

Iṣẹ́ tí èèyàn ń ti ọ̀nà jínjìn ṣe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Àwọn kan á ti máa rò ó pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nílé, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ní Cotonou tàbí ní Faransé, nìyẹn. Tiwọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara yín ná. Ẹgbẹ́ obìnrin tó ń yan gàrí, tó jẹ́ pé orí WhatsApp ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye tí wọn ó tà á, kí lẹ pe ìyẹn? Àwọn tó ń pè láràárọ̀ láti sọ iye tí wọ́n ń ta àgbàdo lọ́jà wọn ńkọ́? Bí èèyàn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí wọn kì í sì í rí ara wọn lójúkojú, iṣẹ́ ọ̀nà jínjìn ni wọ́n ń ṣe.

Ọ̀pọ̀ nínú wa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2020, nígbà àrùn kòrónà. Ẹ rántí pé ní ìparí oṣù kẹta ọdún yẹn, ìjọba yí Cotonou, Porto-Novo àti àwọn ìlú itòsí wọn ká, àtiwọlé àtijáde di ìṣòro. Ìpàdé tí a ti ń ṣe lábẹ́ igi wá di ti orí fóònù. Àrùn náà lọ, fóònù ò lọ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara mi. Mo wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń kó iye owó ọjà jọ láti ìlú dé ìlú. Èèyàn mẹ́sàn-án ni wá, èmi ni mò ń darí wọn. Lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ́ ní èdè Faransé sórí WhatsApp pé owó ọkọ̀ ti dé, kí kálukú fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn tó kù fèsì, ìyá wa kan ò fèsì. Mo ní lọ́kàn ara mi pé bóyá wọn ò fẹ́ ni. Mo fi orúkọ ránṣẹ́, wọ́n sanwó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìyá náà wá bá mi. Wọn ò pariwo. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: "Ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Àṣé fóònù kékeré tí kò ní WhatsApp ni wọ́n ní. Ti ọmọ wọn ni a kọ sínú ẹgbẹ́, ọmọ náà sì ti lọ wáṣẹ́ ní Cotonou. Bẹ́ẹ̀ ìyá yìí ti fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù yẹn, kí iye owó àgbàdo má baà pẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ojú tì mí. A san owó wọn lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé abẹ́ igi la ti ṣèpàdé, ǹ bá ti rí i pé àga wọn ṣófo. Ǹ bá ti rán ọmọ kan lọ pè wọ́n. Lórí fóònù, àga ò sí. Ẹni tó gbà, ẹni tó bínú, ẹni tí ò tíì gbọ́ rárá, ìdákẹ́jẹ́ wọn jọra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé lónìí nìyẹn: nínú iṣẹ́ tí a kì í ti í rí ara wa, ẹ má ka ìdákẹ́jẹ́ sí "mo gbà". Ẹ wádìí rẹ̀.

Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, wọ́n kọ́ wa pé kíláàsì tó dáa ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, kí ọmọ gbogbo ilé wà níbẹ̀: ọmọ Ègùn, ọmọ Yorùbá, ọkùnrin, obìnrin, ọmọ olówó, ọmọ tálákà. Ìkejì, kí kálukú rí ohun tó yẹ ẹ́ gbà. Bí gbogbo wọn bá gba ìwé kan náà, tí ọmọ tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa wá jókòó sẹ́yìn, ìwé náà dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ò dọ́gba. Ẹ mú ọmọ náà wá síwájú. Ìkẹta, kí ẹnu kálukú wúlò, kó má ṣe pé ọmọ mẹ́ta iwájú nìkan ni olùkọ́ ń bi léèrè. Ẹgbẹ́ tó ń fi fóònù ṣiṣẹ́ nílò mẹ́ta yìí bákan náà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè: ọmọ tó mọ WhatsApp lò ò mọ àgbàdo tó ti gbẹ dénú, ìyá tó mọ àgbàdo ò mọ WhatsApp. Bí ẹ bá lé ọ̀kan dànù, iṣẹ́ bàjẹ́.

Kí ló wá ń mú kí èèyàn dákẹ́? Mo ti rí márùn-ún.

Fóònù fúnra rẹ̀ ni èkíní. Àwọn kan ò ní eléyìí tó ń gba WhatsApp, àwọn kan ń pín ọ̀kan lò nínú ilé, ibòmíì ò sì ní iná tí fóònù ó fi gbaná. Ẹ kọ orúkọ àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹnì kan máa pè wọ́n.

Owó ni èkejì. Ẹ rántí 2018. Ìjọba ní kí ẹni tó bá ń lo WhatsApp, Facebook àti irú wọn máa san fráńkì 5 lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan. Fídíò kan tó tó mẹ́gà 20, fráńkì 100 nìyẹn lórí owó tí o ti san tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ló bẹ̀rẹ̀, ariwo ta, nínú oṣù kan náà ni wọ́n fagi lé e. A pariwo mọ́ ìjọba, ó dáa. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa tí à ń da fídíò àti àwòrán "ẹ káàárọ̀" sínú ẹgbẹ́ iṣẹ́, ta ló ń san mẹ́gà rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kúrú. Ẹni tí ò ní kírẹ́dì, kó fi bíìpù sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ pè é padà.

Èdè ni ẹ̀kẹta. Òfin ńlá orílẹ̀-èdè Bénin ti 11 oṣù kejìlá 1990 fún gbogbo ẹ̀yà lẹ́tọ̀ọ́ láti lo èdè wọn. Kí ló dé tí Faransé nìkan ń dá ṣèpàdé wa? Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹnì kan sọ ọ́ ní Ègùn.

Ara ni ẹ̀kẹrin. Ẹ fara balẹ̀ níbi yìí o. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ ń ran ẹni tí ò mọ̀wé lọ́wọ́, ó sì ń ran afọ́jú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ran adití lọ́wọ́. Ìwé tí ẹ kọ ń ran adití tó mọ̀wé lọ́wọ́, ó fi àwọn tó kù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ ṣe méjèèjì. Kì í ṣe àánú la fẹ́ ṣe. Láti 29 oṣù kẹsàn-án 2017 ni Bénin ti ní òfin 2017-06 tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara.

Àkókò ni ìkarùn-ún. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fèsì kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ti gbàgbé pé ìgbà yẹn ni ìyá ń rokà, tó ń wẹ ọmọ. Ó ti gbàgbé ẹni tó ń kírun. Ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan gbáko, ó kéré tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba èèyàn síṣẹ́, tiyín rèé. Ẹni tí ọ̀gá ń rí lójoojúmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé, pàápàá obìnrin tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ń ṣe iṣẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ohun rere bá dé. Ẹ kọ iṣẹ́ tí kálukú ṣe sílẹ̀, ẹ kọ owó tó gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ wá kà á sétí gbogbo yín. Abala kẹrìndínlọ́gbọ̀n òfin ńlá yẹn kan náà sọ ọ́ pé ọkùnrin àti obìnrin dọ́gba nínú ẹ̀tọ́. Fóònù ò yí ìyẹn padà.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ohun tí à ń ṣe báyìí ò le. A máa ń pe orúkọ bíi ti kíláàsì. Kí a tó fẹnu kò lórí ohunkóhun, ẹnì kan á ka orúkọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹni tí ò bá dáhùn, wọ́n á pè é. Ìpè ìṣẹ́jú méjì ni. Ìyá wa yẹn ṣì ń bá wa ṣiṣẹ́, àwọn náà ló kọ́ wa pé ká máa béèrè iye owó gàrí pẹ̀lú.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ìbéèrè yín fún ọ̀sẹ̀ yìí nìyí. Nínú ẹgbẹ́ yín tó wà lórí fóònù, ta ni ẹ ò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ láti oṣù tó kọjá? Ta ló mọ ìdí rẹ̀? Ta ni yóò lọ sílé rẹ̀ kó tó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀? Ẹ jíròrò rẹ̀, kí akọ̀wé yín kọ ìdáhùn sílẹ̀, ká jọ gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.