Ojú Ló Ń Ṣáájú Ọwọ́: Àlàyé Lórí Ìdíje Ìbọn Ìléwọ́

Bí a bá ń wo ìdíje ìbọn ìléwọ́ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jáde lẹ́nu wa ni pé, "Ọwọ́ ọkùnrin yìí mà yá o!" Òótọ́ ni, ọwọ́ wọn yá. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí ni pé ojú ló ń ṣáájú, ọwọ́ kàn ń tẹ̀ lé e ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá pẹ́ kó tó dé ibi àmì, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ yá tó, òfo ni yóò mú bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìdíje kan pàtó, ìyẹn ìbọn ìléwọ́ oníyára ti mítà 25 ní Òlíńpíìkì. Àmì márùn-ún ni wọ́n máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mítà 25 sí olùdíje. Láti àárín àmì kan dé àárín èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni olùdíje fi ń di ìbọn mú, yóò sì kọ́kọ́ sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Bí iná aláwọ̀ ewé bá ti tàn, yóò gbé e sókè, yóò sì yin ọta kan sí àmì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà mìíràn, ìṣẹ́jú-àáyá 8 ni wọ́n fún un. Ìgbà mìíràn 6. Ìgbà tó le jù ni 4. Ká ní ó lo ìṣẹ́jú-àáyá kan àti ààbọ̀ láti gbé ọwọ́ kó sì yin ti àkọ́kọ́, méjì àti ààbọ̀ péré ló kù fún mẹ́rin yòókù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá àti díẹ̀ lọ.

Kí ni ojú lè ṣe láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀? Ohun mẹ́ta ló yẹ ká mọ̀ nípa rẹ̀.

Àkọ́kọ́, ibi kékeré ni ojú ti ń ríran kedere. Ẹ na apá yín síwájú, kí ẹ wo èékánná àtàǹpàkò yín. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi dígírì 2, ibi tí ojú ti ń rí nǹkan kedere jù kò sì fi bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìlà yìí, kí ẹ wá gbìyànjú láti ka ìlà kẹrin sísàlẹ̀ láìgbé ojú kúrò. Kò ní ṣeé ṣe.

Èkejì, bí ojú bá ń fò láti ibì kan sí ibòmíràn, ọpọlọ a máa pa ìríran mọ́ fún ìwọ̀n ìgbà kékeré náà. Ẹ dúró síwájú dígí, kí ẹ wo ẹyinjú òsì yín, kí ẹ sì yí sí ti ọ̀tún. Ẹ kò ní rí i kí ojú yín yí, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró tì yín yóò rí i. Lẹ́yìn èyí, kí ojú tó fò sí ohun tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ó sábà máa ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá.

Ẹ̀kẹta, ojú kò lè rí ohun tó wà nítòsí àti ohun tó jìnnà kedere lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn Òlíńpíìkì ní irin kékeré níwájú, ó sì ní irin alálàfo lẹ́yìn. Olùdíje gbọ́dọ̀ to méjèèjì gún síra. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 20 jìnnà síra, tí irin iwájú sì yẹ̀ ní mìlímítà 1 péré, ọta yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12.5 ní mítà 25. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ olùdíje pé kí irin iwájú ni ojú rẹ̀ máa rí kedere, kí àmì ṣú díẹ̀.

Báwo ni ó ṣe wá ń kúrò ní àmì kan lọ sí èkejì? Àlàfo ló ń sọ ọ́. Sẹ̀ǹtímítà 75 ní mítà 25 kò ju dígírì 1.7 lọ. Àmì tó kàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lẹ́nu ibi tí ojú ti ń ríran kedere. Nítorí náà, olùdíje kì í wá a kiri. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára irin iwájú; orí, apá àti ìbọn dúró bí ohun kan, ara ló ń yí láti ìsàlẹ̀ wá.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìdíje ìbọn tí àjọ IPSC ń ṣe, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Columbia, ní ìpínlẹ̀ Missouri, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1976. Níbẹ̀, àmì lè jìnnà síra gan-an. Bí méjì bá fi mítà 3 jìnnà síra, tí olùdíje sì wà ní mítà 10, dígírì 17 nìyẹn. Ojú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fò lọ síbẹ̀, kó sì mú ojú kan kékeré lára àmì náà, kì í ṣe gbogbo páálí, kí ìbọn tó dé. Ẹni tó bá dúró wo ihò tí ọta rẹ̀ dá sílẹ̀ ti pàdánù àkókò tí ọwọ́ kò lè dá padà.

Ẹni tó fi èyí yé mi jù ni Károly Takács, ọmọ-ogun ilẹ̀ Hungary. Lọ́dún 1938, bọ́ǹbù àfọwọ́jù bú mọ́ ọn lọ́wọ́ ọ̀tún tó fi ń yìnbọn. Ó fi ọwọ́ òsì kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì gba wúrà nínú ìdíje oníyára yìí ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1948 àti ní Helsinki lọ́dún 1952. Ká ní ọwọ́ ni gbogbo iṣẹ́ náà wà, èrò tèmi ni pé ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí sí ilé ìwòsàn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò kò nílò ìbọn. Ẹ lẹ bébà róbótó márùn-ún, oní-sẹ̀ǹtímítà 2, mọ́ ògiri. Kí àárín wọn fi sẹ̀ǹtímítà 15 jìnnà síra. Ẹ dúró ní mítà 5. Ojú yóò rí àlàfo àárín wọn bí ó ṣe ń rí ti Òlíńpíìkì gẹ́lẹ́. Kí ọ̀rẹ́ yín pàtẹ́wọ́, kí ẹ gbé apá sókè, kí ẹ fi àtàǹpàkò yín ṣe irin iwájú, kí ẹ sì gbé e kọjá lórí márààrún. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ méjì kí wọ́n fi mítà kan àti ààbọ̀ jìnnà síra. Kí ọ̀rẹ́ yín máa wo ojú yín báyìí, kó sì sọ èyí tó kọ́kọ́ gbéra: ojú ni, àbí ọwọ́? Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni, ẹ tún un ṣe. Agbábọ́ọ̀lù tó ń wá ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún yóò jàǹfààní rẹ̀ bákan náà.