Ìwọ̀n Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí ilé ìwòsàn kan bá kọ 126 sílẹ̀ fún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí kò tíì jẹun láti òru, tí òmíràn sì kọ 7, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, iye tí a fi ń mọ àtọ̀gbẹ ni. Èkínní ka mílígíráàmù inú ìdá mẹ́wàá lítà. Èkejì ka mílímóòlù inú lítà kan.

Kí ni móòlù? Orúkọ iye ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kẹ́ ti jẹ́ orúkọ fún 20,000, ṣùgbọ́n àwọn ègé tíntìntín tí ojú kò lè rí ni a ń fi í kà. Mílímóòlù kan ṣúgà yìí wọn 180 mílígíráàmù. Nígbà tí 126 bá wà nínú ìdá mẹ́wàá lítà, 1,260 ni yóò wà nínú lítà kan. Ẹ fi 180 pín in, ó di 7. Ẹni tí ń kánjú lè fi 18 pín 126 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ má ṣe fi 18 yìí pín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní cholesterol o. Nǹkan bí 38.67 ni tirẹ̀, nítorí pé ègé rẹ̀ wúwo jù.

Orúkọ ìwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ wò. Bí 20 bá jẹ́ mílímóòlù, ṣúgà ti pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ mílígíráàmù, ó ti lọ sílẹ̀ débi pé aláìsàn lè dákú.