Ọwọ́ Tí Ó Kákò: Níbo Ni Ẹ̀bi Wà?

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí èrò bá ń wọ́ láti Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò wá sí Ìyànà-Ìbà, kì í pẹ́ kí ènìyàn tó rí ẹni tí apá rẹ̀ kan kákò mọ́ àyà. Ọrùn ọwọ́ tẹ̀ wálẹ̀, ìka wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Ó lè jẹ́ àgbàlagbà tí iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ tàbí tí ó dí nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọmọdé tí kò tètè mí nígbà tí a bí i, tàbí tí àìsàn yírùnyírùn ti bá jà. Gbogbo rẹ̀ ni a ń pè ní rọpárọsẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí mo ń wí yìí kò rọ rárá. Ńṣe ni ó le bí igi.

Àwọn ará ọjà yóò ní ayé ló dì í lọ́wọ́. Àwa olùkọ́ náà kò sàn jù wọ́n lọ. Mo ti rí tísà tí ó ń jágbe mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, "Ṣí ọwọ́ rẹ, ìwọ olórí kunkun!" Kì í ṣe orí kunkun. Bí ọmọ náà bá ti ń gbìyànjú tó ni ọwọ́ náà ń le sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fi ọwọ́ òsì di apá ọ̀tún mú nísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, kí ẹ máa di ẹ̀ṣẹ́, kí ẹ sì máa tú u. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé ẹran ibẹ̀ ń sún. Ẹran tí ń tẹ ìka kò sí nínú ìka; apá ni ó wà, ó sì ń fi okùn fa ìka bí onígángan ti ń fa ọsán ìlù. Ìka mẹ́rin ní okùn gígùn méjì-méjì, àtàǹpàkò ní ẹyọ kan.

Ta ni ń pàṣẹ fún ẹran náà? Àwa Yorùbá a máa pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ní iṣan, a máa pe okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun ní iṣan, a sì tún ń pe okùn funfun tí ọpọlọ ń rán iṣẹ́ gbà ní iṣan. Ẹ jẹ́ kí n pe ìkẹta yìí ní iṣan ìránṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ má bàa dàrú. Mẹ́ta tí ó tóbi ni ó wọ apá. Ọ̀kan gba àárín, ó ń pàṣẹ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹran tí ń tẹ ọrùn ọwọ́, àtàǹpàkò àti ìka. Ìkejì gba ẹ̀yìn egungun ìgbọ̀nwọ́. Òun ni ẹ ń fi gbá ara tábìlì tí mànàmáná fi ń ta dé ọmọńdinrín. Tirẹ̀ ni láti tẹ orí ọmọńdinrín àti ìka òrùka. Ìkẹta ni ó ń mú ìka ṣí.

Lára ẹni tí ó dá ṣáṣá, ọpọlọ ń wí fún ẹran pé "Fà", ó sì ń wí pé "Ó tó." Bí ọpọlọ bá ti fara pa, "Ó tó" kì í dé mọ́ dáadáa. Bí a bá ti na ẹran náà ni ọ̀pá ẹ̀yìn ń dá a lóhùn pé kí ó fà. Ẹran tí ń tẹ ìka lágbára ju èyí tí ń ṣí i lọ, nítorí náà ọwọ́ a dì.

Nígbà náà, èé ṣe tí a kò gé iṣan ìránṣẹ́ náà dànù? Bí a bá gé e tán, ọwọ́ yóò kú, kò ní mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Stoffel, oníṣẹ́ abẹ ará Jámánì, ti kọ ọ́ ní ọdún 1913 pé apá kan rẹ̀ ni kí a gé. Ní ọdún 1983, Brunelli ará Ítálì ní kí a gé e níbi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti ń wọ inú ẹran gan-an. Leclercq, obìnrin oníṣẹ́ abẹ ní ilẹ̀ Faransé, ló mú iṣẹ́ náà gún régé. Yóò lo awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yóò fi iná mànàmáná díẹ̀ wá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, yóò sì gé bí ìdá méjì nínú mẹ́ta dànù. Ibẹ̀ kọ́ ni ìmọ̀lára àwọ̀ ń gbà, nítorí náà ọwọ́ kì í kú.

Ṣùgbọ́n ìdánwò kan wà tí ó ṣáájú ọ̀bẹ, òun ni ó wù mí jù lọ. Dókítà yóò gún abẹ́rẹ́ apanilára-kú sí ẹ̀gbẹ́ iṣan ìránṣẹ́ náà. Bí ìka bá ṣí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àṣẹ àsọjù ló ń dì í, gígé ẹ̀ka lè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá ṣí, a jẹ́ pé ẹran náà fúnra rẹ̀ ti kúrú, iṣẹ́ abẹ mìíràn tí ń mú okùn gùn ni ó kù. Ẹran a sì máa kúrú díẹ̀díẹ̀ bí a bá ti fi ọwọ́ náà sílẹ̀ ní dídì fún ìgbà pípẹ́. Ìyá kan tí ń ta ata nítòsí wa gbé ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó fi pákó di ọwọ́ náà nà ní tipátipá, títí àwọ̀ fi bó. Ọdún méjì ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ta ilẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ mi o. Gígé ẹ̀ka kì í wo ọpọlọ sàn, kì í sì í fún ẹran tí ń ṣí ìka ní agbára tí kò ní. Ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara pa, ni mo máa ń júwe fún àwọn òbí. Ẹ béèrè dókítà eegun àti àwọn tí ń kọ́ ènìyàn ní eré ìmárale.

Nílé, ẹ má ṣe fa ìka. Ẹ kọ́kọ́ tẹ ọrùn ọwọ́ wálẹ̀, okùn yóò dẹ̀, ìka yóò sì rọra ṣí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹ fọ àtẹ́lẹwọ́ náà, ẹ nù ún gbẹ, ẹ sì gé èékánná kó má bàa gún un lẹ́ran.