Sùúrù Ọmọ, Láti Ọwọ́ Òbí Ni



Ohun kan wà tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́, tí a kì í sì í rò wò. Ọmọ ọdún 3 da ògì nù. A lù ú. Ó bú sẹ́kún. A ní kí ó dákẹ́. Kò dákẹ́, nítorí pé ó ń dùn ún. Ni a bá tún lù ú nítorí ẹkún náà. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: kí ni a lù ú fún lẹ́ẹ̀kejì yìí? Kò tún da nǹkan mìíràn nù. A ń nà án nítorí pé kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, nígbà tí àwa àgbàlagbà pàápàá kò lè kó ara wa níjàánu.

Àwa tí a ń kọ́ àwọn ọmọdé ní katekísímù ń rí èso rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọn kò mọ̀, a ń rí ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ó ń wo ọwọ́ wa kí ó tó wo ojú wa. A ń rí èyí tí ó ń yára purọ́, àti èyí tí yóò yíjú lu ẹnìkejì rẹ̀ nítorí pé ó rẹ́rìn-ín. A sì ń rí òmíràn tí yóò sọ pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ." Ọgbọ́n orí wọn lè má yàtọ̀ rárá. Ohun tí ó sábà máa ń yàtọ̀ ni ohun tí ilé ti kọ́ wọn láti ṣe nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹrù tí ó ju agbára ọmọ lọ

Àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé apá ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí, èyí tí ó ń ràn wá lọ́wọ́ láti dá ìbínú dúró kí a sì ronú kí a tó ṣe nǹkan, máa ń pẹ́ gan-an kí ó tó gbó. Ènìyàn a máa kọjá ọmọ 20 ọdún kí ó tó parí ìdàgbà rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ọdún 3 tí ó ń yí gbirigbiri nílẹ̀ kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, èṣù kò sì gbé e wọ̀. Ẹrù náà ni ó ju agbára rẹ̀ lọ, àgbàlagbà ni yóò sì bá a gbé e. Bí a ti ń di ọmọ lọ́wọ́ mú kí ó tó lè dá rìn, bẹ́ẹ̀ ni a ń di ọkàn rẹ̀ mú. Nígbà tí ìyá bá pọn ọmọ tí ó ń ké, tí ó ń fi ọwọ́ lù ú ní ìdí jẹ́jẹ́, kì í ṣe ẹkún nìkan ni ó ń pa. Ó ń kọ́ ọmọ náà bí ara ṣe ń rọ̀.

Margherita àti ọmọ rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan ní Becchi, abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Ítálì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti bí Jòhánù Bosco Mímọ́ ní ọdún 1815, ẹni tí ayé mọ̀ sí Don Bosco, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn Salésiens, ń tọ́jú àwọn ọ̀dọ́ ní Àjàṣẹ́ àti ní Kútọnu lọ́dọ̀ wa níhìn-ín.

Kò tíì pé ọmọ ọdún 2 nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1817. Don Bosco fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ náà ni ohun àkọ́kọ́ tí òun rántí láyé òun. Àwọn ènìyàn ń jáde kúrò nínú yàrá òkú, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ jáde. Ó ní bí bàbá òun kò bá bọ̀, òun kò ní lọ. Margherita, ìyá rẹ̀, kò jágbe mọ́ ọn. Kò sì parọ́ fún un pé bàbá rìnrìn-àjò. Ó sọ fún un pé kò ní bàbá mọ́, ó sunkún, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì mú un jáde. Ọmọ náà sunkún nítorí pé ìyá rẹ̀ ń sunkún.

Mélòó nínú wa ni ó ti sọ fún ọmọ pé òkú lọ sí oko, tí ọmọ náà sì ń wo ọ̀nà láti ọjọ́ dé ọjọ́? Ìbànújẹ́ tí a bá jẹ́ kí ọmọ mọ̀, tí a sì bá a sunkún sí, yóò ṣeé gbé. Èyí tí a bá fi pamọ́ fún un, òun nìkan ni yóò máa dá gbé e kiri.

Nígbà tí Jòhánù di ọmọ ọdún 8, ó fọ́ ìkòkò òróró nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Àwọn tí ó kọ ìtàn ayé rẹ̀ sọ pé kò sá, kò sì purọ́. Ó gé pàṣán kan, ó fi ọ̀bẹ ya àrà sí i lára, ó lọ pàdé ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́, ó sì fi pàṣán náà lé e lọ́wọ́. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sì dárí jì í. Ẹ má ṣe rò pé Margherita ń kẹ́ ọmọ bàjẹ́. Iṣẹ́ wà nílé rẹ̀, àdúrà wà, ìbáwí sì wà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó lè gé pàṣán wá fúnra rẹ̀ ti mọ̀ pé ìyá òun yóò gbọ́ ẹjọ́ òun kí ó tó gbé ọwọ́ sókè. Ọmọ tí kò mọ èyí, irọ́ ni yóò fi ṣe ààbò.

Ẹnì kan péré ti tó

Ní erékùṣù Kauai, ní Hawaii ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ìgbésí ayé àwọn ọmọ 698 tí a bí ní ọdún 1955, títí wọ́n fi dàgbà. Nínú àwọn tí òṣì, àìsàn àti ìjà ilé yí ká láti kékeré, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta di ènìyàn gidi tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohun kan tí a rí lára wọn ni pé wọ́n ní ó kéré tán àgbàlagbà kan tí kò fi wọ́n sílẹ̀: ìyá, ìyá àgbà, tàbí ìbátan mìíràn. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń tọ́ ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ wà ní Kútọnu tàbí ní Èkó, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ọmọ tí wọ́n sì fi sọ́dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí ó rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Kí ni kí a ṣe?

Èkíní, kí a kọ́kọ́ tu ara wa lójú. Bí ọwọ́ wa bá ń gbọ̀n fún ìbínú, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sí ìta, kí a mu omi, kí a ka "Mo kí ọ Màríà" kan, kí a tó padà.

Èkejì, kí a sọ ohun tí ó ń ṣe ọmọ fún un: "Inú ń bí ọ nítorí wọ́n gba nǹkan rẹ, àbí?" Ọmọ tí ó bá lè fi ẹnu sọ ìbínú rẹ̀ kò ní fi eyín bu ènìyàn jẹ mọ́.

Ẹ̀kẹta, kí a bá a wí nígbà tí ara ti rọ̀, kí ó sì tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Ẹni tí ó da ògì nù, kí ó bá wa nu ilẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe gbé gbogbo ìnira kúrò lọ́nà rẹ̀. Kí ó kọ́ láti dúró de ìgbà tí ó kàn án, kí ó fìdí rẹmi nínú eré, kí ó sì tún gbìyànjú, nígbà tí a wà nítòsí.

Pọ́ọ̀lù Mímọ́, nínú ìwé tí ó kọ sí àwọn ará Kólósè, kìlọ̀ fún àwọn bàbá kí wọ́n má ṣe mú ọmọ wọn bínú títí ọkàn wọn yóò fi rẹ̀wẹ̀sì. Póòpù Fransísì náà kọ nínú Amoris Laetitia ní ọdún 2016 pé ọmọ tí a bá fi ìfẹ́ bá wí yóò mọ̀ pé a ka òun sí, àti pé lára òbí ni ọmọ ti gbọ́dọ̀ kọ́ láti má ṣe jẹ́ kí ìbínú gbé òun lọ.

Àwa tí a ń kọ èyí kò mọ́ nínú rẹ̀. Àwa náà ti gbé ọwọ́ sókè sí ọmọ nítorí àárẹ̀ ara wa, kì í ṣe nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. A máa ń rántí ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ni a máa ń gbàgbé. Ní alẹ́ òní, kí a tó gba àdúrà ilé, bí a bá ti ṣẹ ọmọ kan, ẹ jẹ́ kí a pè é, kí a sì sọ fún un pé, "Má bínú, mo ṣì ọ́ nà." Ọlá òbí kò ní tipa bẹ́ẹ̀ dínkù. Ọmọ náà ni yóò mọ bí a ti ń tọrọ ìdáríjì.

Kí Màríà Wúńdíá, tí ó tọ́ Jésù dàgbà ní Násárétì, bá wa bẹ Ọlọ́run fún sùúrù. Àmín.