Ṣé o mọ̀? Ọ̀rọ̀ ni kó síwájú, kí orin máa gbè é

Ìbàdàn ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Lónìí, ní ìlú kan náà, ẹni tó ń to fídíò ìkómọ nínú yàrá rẹ̀ ní Bódìjà lè fi fóònù lásán wọn ohùn.

Ṣé o mọ̀ pé:

• 0 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n ohùn) ni òpin ohùn nínú fídíò? Èyí tó bá kọjá ibẹ̀ á fọ́.

• Bí o bá fi 10 dB dín orin kù, etí á gbọ́ ọ bí ìdajì?

• Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ tò, sí bíi -12 dB, kí orin abẹ́ rẹ̀ sì fi nǹkan bíi 15 dB relẹ̀ sí i?

• Dùndún ń fi ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ènìyàn? Bí bàbá bá ń wúre, rẹ ìlù sílẹ̀, kí ẹnu méjì má baà máa sọ̀rọ̀ pọ̀.

• Ìró àtẹ́wọ́ kì í pẹ́, nítorí náà ó lè ròkè ju orin lọ díẹ̀?

Má to ohùn fídíò nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ké: wàá gbé gbogbo rẹ̀ sókè jù.