Ètò Ìtọ́jú Fáìlì Onípele: Àpẹẹrẹ láti Bell Labs

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà inú òwe yìí kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ̀rí ohun tí ojú ti rí ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fáìlì àtijọ́ rí nínú kọ̀ǹpútà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọwọ́ tó ń tún fáìlì òní ṣe lè ṣèèṣì pa ti àná rẹ́.

Ìpele Mẹ́ta
Ní Bell Labs, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ tó ṣe ètò Plan 9 pín ibi ìpamọ́ fáìlì sí ìpele mẹ́ta. Èkíní ni iyè ìrántí kọ̀ǹpútà, tó yára ṣùgbọ́n tó kéré. Èkejì ni díìsìkì oníòòfà. Ẹ̀kẹta ni díìsìkì tí a ń fi ìtànṣán kọ nǹkan sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a kò sì lè pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Orí méjì àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti ń wáyé. Ní agogo márùn-ún ìdájí, ètò náà a ṣàmì sí bí gbogbo fáìlì ṣe rí, a sì kó kìkì abala tó yí padà lọ sí ìpele kẹta. Ẹni tó bá fẹ́ rí fáìlì rẹ̀ àtijọ́ a wá a lábẹ́ ọjọ́ tó fẹ́, láìbẹ alábòójútó.

Kíkó Dátà
Nígbà tí owó díìsìkì oníòòfà wálẹ̀, Sean Quinlan àti Sean Dorward gbé Venti jáde lọ́dún 2002. Nínú Venti, àkóónú abala kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ṣírò orúkọ rẹ̀, nípa ìlànà SHA-1. Bí àkóónú bá yí padà, orúkọ yóò yí padà; nítorí náà, tuntun kì í gorí ti àtijọ́. Bí abala méjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹyọ kan ni a ó pa mọ́. Orúkọ yìí sì ni ẹ̀rí nígbà tí a bá kó dátà láti ẹ̀rọ kan dé òmíràn: a ó tún un ṣírò, bí kò bá bá ti tẹ́lẹ̀ mu, nǹkan ti bàjẹ́ lọ́nà.

Àgbálọgbábọ̀
Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní CWI, Amsterdam, àti ní Google fi hàn pé fáìlì méjì tó yàtọ̀ lè ní orúkọ SHA-1 kan náà. Èyí fi yé ni pé bí ẹ̀rọ ṣe ń gbó ni ìlànà ń gbó. Yíya ibi iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìpamọ́ dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tó wà ní ìpamọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣí lọ sórí ẹ̀rọ àti ìlànà tuntun, kí ti àtijọ́ tó dákẹ́.